Ọjọ́ Tí Omi Tútù Hó Lójú Mi

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, wọ́n bi wá nínú ìdánwò pé: kí ni iṣẹ́ aṣọ tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú ń wọ̀? Mo kọ ọ́ pé nítorí òtútù ni, àti kí wọ́n lè rí ọ́síjìn mí. Máàkì méjì ni mo gbà nínú mẹ́wàá. Mo gbé ìwé mi lọ bá olùkọ́ wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rẹ́ mi jẹ."

Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n mú mi lọ sí láàbù, wọ́n gbé ife omi kan sábẹ́ ìgò ńlá, wọ́n fi bàlúùnù tí wọ́n fẹ́ díẹ̀ tì í, wọ́n wá tan ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Bàlúùnù náà ń wú fúnra rẹ̀. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Nígbà tí wọ́n ṣí i, mo ki ìka bọ̀ ọ́: ó tutù nini.

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí. "Omi ló pọ̀ jù lára ìwọ náà."

Òwe ní afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìyẹ. Lọ́jọ́ yẹn mo rí i pé ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá lọ ni àṣírí ara wa ń tú. Ibi tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ lára wa, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìwúwo tó tó kílógíráàmù kan. Inú ara wa ń tì í padà ní ìwọ̀n kan náà, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í mọ̀ ọ́n lára. Tí a bá gòkè tó nǹkan bíi kìlómítà 19, ìtẹ̀ náà á dín kù débi pé ooru ara lásán, 37°C, ti tó láti mú omi hó.

Ó ṣẹlẹ̀ sí Jim LeBlanc ní Houston lọ́dún 1966. Ó ń dán aṣọ òfurufú wò nínú yàrá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde nígbà tí rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ aṣọ rẹ̀ já. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 14, ó ti dákú. Ohun tó rántí kẹ́yìn ni pé itọ́ ń hó lórí ahọ́n òun. Wọ́n tètè dá afẹ́fẹ́ padà, ó sì yè. Kò bú gbàù bíi ti inú fíìmù.

Nítorí náà, àpò tí kì í jò ló wà nínú aṣọ yẹn, tó ń gba ọ́síjìn dúró yí ara ká. Aṣọ líle wà lórí rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó wú. Wọn kì í fún un kún jù, torí yóò le bíi táyà tí gééjì rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1965, aṣọ Alexei Leonov wú lójú òfurufú débi pé kò rọrùn fún un láti padà wọlé. Ó ní láti ṣí fáàfù, kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde, kó tó lè wọlé.

Àwọn mẹ́ta tó wà nínú Soyuz 11 ní oṣù kẹfà ọdún 1971 kò wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rárá, torí àyè ò gbà wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, fáàfù kan ṣí, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ sì jáde tán. Ọkọ̀ náà balẹ̀ láìfarapa. Òkú ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

N ò béèrè máàkì mọ́. Nígbà tí ìbéèrè náà tún padà wá ní ìdánwò àṣekágbá, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé: aṣọ náà ń bá wọn tẹ ara wọn, bí afẹ́fẹ́ ilé ṣe ń tẹ tiwa.