Yàrá Wo Ni Kí Àgbàlagbà Gbà Nínú Ọkọ̀ Òkun?

Nígbà tí a pàdé ní Tápà lẹ́yìn ọdún Ifá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ ń bi mí: "Bàbá, báwo lẹ ṣe rí oorun sùn lórí omi?" Mo dáhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìlù ò jẹ́ kó yé yín. Méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa sì ti sọ fún mi pé àwọn ọmọ àwọn tó wà lókè òkun fẹ́ mú àwọn náà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ yàrá, torí ibẹ̀ gan-an ni èmi ti ṣìṣe.

Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ọmọ wa ń gbé. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé n ò wá àmàlà tì lọ́jọ́ kan. Èmi àti Ìyá Ìbejì lọ kí i ní ọdún tó kọjá. Láti ibẹ̀ dé Galveston tó wà létí òkun jẹ́ bíi 80 kìlómítà, Galveston yìí sì ni ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ti máa ń gbéra lọ sí Mẹ́síkò. Ẹ má rò ó sí ọkọ̀ tí a fi ń sọdá o. Ilé alájà púpọ̀ ni, tó ní ilé oúnjẹ, ibi ìwẹ̀, ibi eré àti lífítì, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń sùn sí. Ọmọ wa ní kí a fi ọjọ́ díẹ̀ lọ sí erékùṣù Cozumel ká lọ sinmi. Inú mi dùn. Ìyá Ìbejì ní òun gbọ́, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ wa ṣí kọ̀ǹpútà, ó ń fi yàrá hàn wá. Oríṣi mẹ́rin ni. Ti àkọ́kọ́ wà ní ikùn ọkọ̀, kò ní fèrèsé rárá, òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Èkejì ní fèrèsé tí wọ́n ti dè pa. Wàá máa wo òkun, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ò ní wọlé. Ẹ̀kẹta ní báákónì tí èèyàn lè jókòó sí. Ẹ̀kẹrin ni ti àwọn olówó, tó ní pálọ̀ tiẹ̀. Èmi ni mo ní kó mú èyí tó kéré jù lówó. Mo ní ṣebí oorun lásán la fẹ́ sùn níbẹ̀, kí la fẹ́ fi fèrèsé ṣe lóru? Ẹ̀dínwó kan tún wà níbẹ̀: bí o bá gbà kí àwọn ọlọ́kọ̀ fúnra wọn yan nọ́ńbà yàrá fún ọ, owó rẹ̀ tún máa wálẹ̀. Mo ní kó gbà á bẹ́ẹ̀. Ahun ni mo ṣe, mo jẹ́wọ́.

Nígbà tí nọ́ńbà dé, iwájú ọkọ̀ pátápátá ni wọ́n fún wa, lájà òkè, ibi tó jìnnà sí lífítì. Kò sí fèrèsé. Ibùsùn kan wà nísàlẹ̀, ìkejì wà lókè tí wọ́n ń fi àkàsọ̀ gùn. Ẹ sì mọ bí orúnkún Ìyá Ìbejì ṣe rí. Ó wo àwòrán náà títí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló máa gun àkàsọ̀, ṣé ẹ̀yin ni àbí èmi?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn tí wọ́n kó lọ nínú wa, ibi tí kò ní fèrèsé ni wọ́n tò wọ́n sí. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi fowó ra irú ibẹ̀ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òkun tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò tí a fẹ́ lọ yìí, orí rẹ̀ náà ni ọkọ̀ Clotilda gbà dé Mobile, ní Alabama, lọ́dún 1860. Ó kó bíi 110 èèyàn láti Ouidah, bẹ́ẹ̀ òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti ọdún 1808. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n há wọn mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis, tó wà láyé títí di ọdún 1935. Zora Neale Hurston kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé, Barracoon, àfi lọ́dún 2018. Galveston fúnra rẹ̀ náà ní ìtàn: ibẹ̀ ni ọ̀gágun Gordon Granger ti kéde ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865 pé àwọn ẹrú Texas ti dòmìnira. Ọmọ wa ló ti sọ gbogbo èyí fún ìyá rẹ̀ nílé ìdáná. Èmi ń wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́.

Mo dá Ifá fún ìrìn náà. Odù tó yọ, n ò ní kọ ọ́ síbí, àwọn tó yẹ kó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ifá ò ní ká má lọ. Ó ní ká fún Olókun ní tiẹ̀, ó sì ní kí n gba ọ̀rọ̀ sí obìnrin ilé lẹ́nu. A fi owó kún un, a pààrọ̀ yàrá. Ohun tí a fi kún un ò tó owó ìsọmọlórúkọ kan nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe yàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ̀ òkun dà bí igi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́: orí igi ló ń fì jù, ìdí rẹ̀ kì í fì tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí òòyì máa ń kọ́, kó gba yàrá ìsàlẹ̀, kó sì jẹ́ agbedeméjì ọkọ̀, kì í ṣe iwájú, kì í ṣe ẹ̀yìn. Kó súnmọ́ lífítì, ṣùgbọ́n kó má fara tì í, torí ariwo àwọn tó ń wọlé tó ń jáde. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní máàpù àjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín fi hàn yín, kí ẹ wo ohun tó wà lókè yàrá yín àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi ijó ló wà lókè yín, ẹ óò jó títí ilẹ̀ á fi mọ́ láìdìde. Ẹ béèrè bí ibùsùn ṣe rí, pé ṣé méjèèjì wà nílẹ̀. Ẹ béèrè ilé ìwẹ̀ náà, torí ìloro kékeré sábà máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó lè gbé àgbà ṣubú lóru. Tọ́ọ̀ṣì kékeré ló gbà wá lọ́wọ́ tiwa.

Yàrá kan tún wà fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e dáadáa: ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, kò sí ìloro nílé ìwẹ̀, irin ìdìmú wà lára ògiri. Wọn ò pọ̀. Ẹni tó nílò rẹ̀, kó tètè béèrè. Ẹni tí ara rẹ̀ le, kó má lọ gbà á mọ́ aláìlera lọ́wọ́ torí pé ó fẹ̀. Ẹ̀yin opó inú ẹbí wa, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá dá nìkan gba yàrá, owó ẹni méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹ wá ẹnìkejì.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Oṣù kẹfà sí òpin oṣù kọkànlá ni ìjì líle máa ń jà lágbègbè yẹn. Ìjì tó jà ní Galveston ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1900 pa èèyàn tó tó 6,000 ó kéré tán. Mo fi ẹsẹ̀ mi rìn lórí odi tí wọ́n kọ́ sétí òkun lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù kẹrin la lọ ní tiwa.

Ní ti ìwé ìrìnnà, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà là ń lò. Mẹ́síkò gbà kí ẹni tí físà Amẹ́ríkà rẹ̀ ṣì dára wọlé, ṣùgbọ́n kí físà náà jẹ́ èyí tí a lè fi wọ Amẹ́ríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí tí ọkọ̀ bá ti gbéra, o ti jáde nìyẹn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, inú àpò ọwọ́ ni mo fi sí, nínú ike tí wọ́n fi tà á. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gbé àpótí wá sí yàrá, ó sì lè di alẹ́ kó tó dé. Dókítà wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ra inṣọ́ránsì ìrìn àjò tó máa san owó bàálù bó bá di pé wọ́n ní láti gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tètè máa ń ràn níbi tí èrò bá pọ̀ sí.

Àwa oníṣẹ̀ṣe ní tiwa láti mọ̀. Wọn ò gba àbẹ́là tàbí tùràrí nínú ọkọ̀, wọn ò gba iná kankan. Wọn ò sì gbà kí a ju ohunkóhun sínú òkun. Ewé tútù àti ẹran gbígbẹ, ẹ fi wọ́n sílé láti Nàìjíríà, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Houston la ti ra obì. Etíkun Galveston la ti ṣe tiwa láàárọ̀ kùtù, pẹ̀lú obì àti omi tútù, a ò sì fi ike kankan sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ti sọ ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní Ọ̀fìkì tí a fi wẹ̀ ní kékeré, ṣebí inú Ògùn ló ń lọ, Ògùn ń wọ ọ̀sà Èkó, ọ̀sà ń wọ òkun; òun ò tíì dé ilé àjèjì. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ mi wà nínú àpò ọwọ́. Ọmọbìnrin tó ń yẹ ẹrù wò béèrè pé kí ni. Mo ní ohun tí mo fi ń gbàdúrà ni, ó ní kí n máa lọ.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ mì díẹ̀. Ìyá Ìbejì sùn bí ọmọ ọwọ́, èmi ni mo jókòó tí mo ń la obì ẹnu. Lọ́jọ́ kẹta a dé Cozumel. Àwọn obìnrin Maya àtijọ́ máa ń wa ọkọ̀ dé ibẹ̀ láti bọ Ixchel, òrìṣà tó ni ọmọ bíbí lọ́dọ̀ wọn, àwókù ojúbọ wọn ṣì wà ní San Gervasio. Oòrùn mú, orúnkún ò gbà kó rìn jìnnà. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó kí òrìṣà náà lédè Yorùbá.

Lóru ọjọ́ tó kẹ́yìn, mo jí, mi ò bá a lórí ibùsùn. Ó wà létí fèrèsé, ó ń pe orúkọ ní ohùn jẹ́jẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọ wa ló ń pè. Nígbà tí mo tẹ́tí, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n ní ogun kó lọ tí a ò gbúròó wọn mọ́. N ò dá a dúró. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn títí ó fi pè wọ́n tán.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ẹ pè mí kí àwọn ọmọ tó sanwó o. Máàpù ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.