Ìka Méjì Tó: Bí Mo Ṣe Kọ́ Gìtá ní Cape Coast Lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì

Bí ọkọ̀ bá gbéra ní ibùdókọ̀ Kaneshie ní Accra, tó kọjá Kasoa àti ìkóríta Winneba, tó sì dé Mankessim, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ẹja yíyan àti òkun pa pọ̀. Láti Saltpond lọ, òkun fúnra rẹ̀ á máa yọjú lápá òsì, á lọ, á bọ̀, títí ọkọ̀ á fi dé Cape Coast, ìlú tí àwọn Fante tó ni ín ń pè ní Oguaa. Ìrìn àjò náà láti Accra tó nǹkan bíi kìlómítà 145. Cape Coast yìí ni olú ìlú Gold Coast kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó ìjọba wọn lọ sí Accra ní 1877.

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń wá síbẹ̀ ló máa ń lọ wo odi funfun ńlá tó wà létí òkun, níbi tí wọ́n ti ti àwọn èèyàn wa mọ́lé kí wọ́n tó kó wọn sọdá òkun lọ sóko ẹrú. Èmi náà lọ, mo sì dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe odi náà ló gbé mi dé Cape Coast. Gìtá ni. Ẹni ọdún 62 ni mí nígbà yẹn, n kò sì tíì ta gìtá rí láyé mi.

“Dádì, ṣé ẹ fẹ́ di alágbe ni?” Ohun tí ọmọ mi obìnrin kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tó gbọ́. Kò fi ṣe àrífín o. Ohun tí ará àdúgbò máa sọ ló ń dùn ún. Ọdún 35 ni mo fi ṣe akọ̀wé owó lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ mí sí ẹni tí ń gbé fáìlì. Ta ni yóò rí mi pẹ̀lú gìtá lórí itan tí kò ní rẹ́rìn-ín?

Mo ní ìdí tèmi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ gba ìwé ìfẹ̀yìntì lọ́jọ́ kan náà. Ó gbé àga síwájú ilé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ sinmi. Bí mo bá ń kọjá láàárọ̀, ibẹ̀ ló wà. Bí mo bá ń bọ̀ lálẹ́, ibẹ̀ náà ló wà. Kò pé ọdún méjì tí a fi sin ín. Àìsàn ló pa á, n kò ní parọ́ mọ́ àga. Ṣùgbọ́n mo rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tán lẹ́nu rẹ̀ kí àìsàn náà tó dé rárá. Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú rẹ̀ dé, mo wo ọwọ́ ara mi méjèèjì, mo ní: kí ni ẹ̀yin yóò máa ṣe láti òní lọ?

Mo ti fẹ́ràn orin gìtá láti kékeré, ìbáà ṣe highlife àwọn ará Gánà tàbí jùjú tiwa. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ. Ó fi kún un pé bí mo bá padà wálé láìmọ orin kan, òun ò ní ṣílẹ̀kùn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Cape Coast? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Etíkun ni gìtá gbà wọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àwọn atukọ̀ ló ń gbé e láti èbúté kan dé òmíràn, pàápàá àwọn Kru láti Làìbéríà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó. Wọ́n ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà ta á. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń lò. Àtàǹpàkò á máa lu àwọn okùn olóhùn ìsàlẹ̀, ìka kejì á máa dá a lóhùn lórí àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọmọ Cape Coast ni Kwame Asare, tí wọ́n tún ń pè ní Jacob Sam. Ará Kru kan ló kọ́ ọ ní gìtá. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ìpátá ni wọ́n ka àwọn onígìtá sí nígbà yẹn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ mi kì í ṣe tuntun! Ní 1928, Asare àti àwọn méjì míì tí wọ́n jọ ń jẹ́ Kumasi Trio lọ sí Lọ́ńdọ̀n, wọ́n sì gba orin “Yaa Amponsah” sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Títí dòní, àìmọye orin highlife ló ń tọ ipasẹ̀ gìtá inú orin yẹn. Lẹ́yìn náà ni ìbátan rẹ̀, Kwaa Mensah, di ìlú mọ̀ọ́ká nídìí orin gìtá ìdí ẹmu. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń lọ ní Èkó náà. Gìtá ni Irewole Denge fi ń kọrin tirẹ̀, kó tó di pé jùjú Tunde King gbòde ní àwọn ọdún 1930.

Ọkùnrin tó kọ́ mi ti lé lẹ́ni 70 ọdún, awakọ̀ akẹ́rù sì ni tẹ́lẹ̀. Egya ni gbogbo agboolé ń pè é, ìyẹn “bàbá” lédè Fante, ohun tí èmi náà sì ń pè é nìyẹn. Òun ń pè mí ní Bàbá Naija. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò gbé gìtá lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n kọ orin kan tí mo mọ̀ láti kékeré, kí n sì máa fi àtàǹpàkò lu itan mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo kọ orin kan tí ìyá mi máa ń kọ nídìí ẹ̀kọ. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ẹ ti mọ ìdajì. Ọwọ́ ló kù tó máa gbọ́ ohun tí ẹnu ti mọ̀.”

Ọwọ́ kò tètè gbọ́. Okùn onírin ló wà lórí gìtá tí mo kọ́kọ́ lò. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, orí ìka ọwọ́ òsì mi ń ta mí bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Egya yọ ọ́, ó fi okùn ọ̀rá sí i, èyí tó rọ ìka lọ́rùn. Ó ní kí n má ta á ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ kí n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láàárọ̀, tí ìka òrùka mi bá le, ó ní kí n ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí n tó fọwọ́ kan gìtá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, awọ orí ìka náà ti ń yi.

Kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré ló kọ́ mi: C, F àti G. F ló ṣòro jù, torí odindi ìka kan ni wọ́n sábà máa ń nà dábùú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Egya ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ó kọ́ mi ní F kékeré, tí kò kan àwọn okùn olóhùn ìsàlẹ̀. Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ó dún létí mi bí F gidi!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé á ní ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Ó ní ẹni ọdún 41 ni òun. Nígbà yẹn, òun ń kẹ́rù lọ sí Kumasi, òun sì ń sùn sínú gáréèjì níbi tí awakọ̀ kan ti ní gìtá. Mo ní, “Ẹ pẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o.” Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo wí. Ó ní, “Mo pẹ́ ju ta ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn. Àwọn wo ló ń ta gìtá yìí ní etíkun wa? Atukọ̀ tó ti kó ẹrù láti òwúrọ̀ ni, àti awakọ̀, àti apẹja. Àgbàlagbà ni wọ́n, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó ráyè mú un, ọwọ́ tó ti rẹ̀ náà sì ni wọ́n fi ń ta á. Kò sí olùkọ́ tó ń gbowó ilé ìwé, kò sí ìdánwò. Ibi tí mo ti mú un wá pé mo ti pẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọmọ wọn sí ilé ẹ̀kọ́ orin láti kékeré ni. Àwọn tó gbé gìtá dé etíkun wa kò bẹ̀rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday, àwọn apẹja Cape Coast kì í lọ sójú òkun. Àwọ̀n ni wọ́n ń tún ṣe. Nírọ̀lẹ́ Tuesday tó gbẹ̀yìn ìrìn àjò mi, Egya mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, ó sì gbé gìtá fún mi lójú gbogbo wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti C. Apẹja kan gbé orin Fante lé e, ẹlòmíì ń fi owó ẹyọ lu ara ìgò. Ohun tí mi ò retí ṣẹlẹ̀. Bí ọwọ́ mi ṣe ń falẹ̀ láti C lọ sí F, wọ́n fa orin náà kí n lè bá a. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó yìn mí. Wọ́n kàn ń bá orin wọn lọ, èmi náà sì wà nínú rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ẹnikẹ́ni ti nílò ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe.

Bí ẹnì kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, okùn ọ̀rá ni kẹ́ ẹ wá. Kí ẹ tó sanwó gìtá, ẹ wò ó bóyá okùn rẹ̀ kò ga jù sókè ọrùn rẹ̀, torí okùn tó ga ló ń pa ìka lára. Àga tí kò ní apá ni kẹ́ ẹ máa jókòó lé. Ẹ gé èékánná ọwọ́ òsì mọ́lẹ̀. Ẹ má fi gìtá sínú oòrùn tàbí sínú ọkọ̀ tó gbóná, igi rẹ̀ lè tẹ̀. Orin tí ẹ ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àgbà ti ju ọmọdé lọ: orin ti wà nínú wa kí gìtá tó dé. Bí ẹ bá sì fẹ́ rin ọ̀nà tí mo rìn, ẹ mú ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì dání, torí ibodè mẹ́ta ló wà láàárín Nàìjíríà àti Gánà.

Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn. Orin kan ni mo mú bọ̀, ó ti di mẹ́ta báyìí. Ọmọ mi kò tíì sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kì í dìde mọ́ bí mo bá ń ta á.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ lóbìí tó ti fẹ̀yìn tì, bí ẹ bá gbọ́ tí bàbá tàbí ìyá yín ní òun fẹ́ kọ́ nǹkan, ìbáà jẹ́ gìtá, ìbáà jẹ́ aṣọ rírán, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ bá wọn wá àga tí kò ní apá.