Ìbéèrè Kẹta

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, bàbá mi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n máa ń wọ lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, wọ́n sì jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Ìwé kékeré kan wà lórí itan wọn, bírò sì wà lọ́wọ́ wọn. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ra epo sínú ẹ̀rọ amúnáwá, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí iná yóò lọ. Gómìnà ìpínlẹ̀ wa ni yóò jẹ́ àlejò lórí ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí èmi ọmọ wọn ń bá wọn ṣiṣẹ́ lé lórí. Bàbá mi ti sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Àkànní ló ń kọ àwọn ìbéèrè náà. Ẹ máa gbọ́ tiwa lónìí."

"Tiwa" tí wọ́n ń wí kò ju owó àjẹmọ́nú wọn lọ. Ọdún 35 ni bàbá mi fi jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ìjọba fún wọn ní ìwé ìdúpẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n máa retí owó tí a máa ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó bá sin ìjọba dópin. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Èmi kò sí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo wà ní situdíò, lẹ́yìn kámẹ́rà. Mo sì ti mọ̀ láti Ọjọ́rú pé bàbá mi kò ní gbọ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ òǹwòran rò pé ohun tó bá sọ sí atọ́kùn ètò lọ́kàn ló ń béèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí olóṣèlú ńlá bá fẹ́ wá, àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ ní kí a fi àwọn ìbéèrè ránṣẹ́. Wọn á kà wọ́n, wọn á fagi lé èyí tí kò bá wù wọ́n, wọn á sì dá ìwé náà padà. Bí a bá kọ̀, àlejò kò ní wá mọ́. Bí àlejò kò bá wá, àwọn tó fẹ́ polówó ọjà lákòókò ètò náà yóò fa owó wọn sẹ́yìn, ìjọba fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń sanwó ìpolówó. Ìbéèrè mẹ́wàá ni mo kọ sílẹ̀ fún gómìnà. Ìkẹta ni ti àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì: èló ni gbèsè náà, ọjọ́ wo ni ìjọba yóò sì san án? Nígbà tí ìwé náà padà dé, wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà sórí mẹ́ta nínú wọn. Ìbéèrè kẹta wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní, "Ètò ìgbádùn ni tiwa. Wá nǹkan mìíràn tó máa pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín fi dípò rẹ̀."

Mo wá a. Èmi ni mo kọ ọ́ pé kí a bi gómìnà léèrè oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, bó ṣe pàdé ìyàwó rẹ̀, àti orin tó máa ń gbọ́ bó bá wà nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi.

Ètò náà dùn. Gómìnà sọ̀rọ̀ nípa iyán àti ẹ̀fọ́ rírò. Ó sọ bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò lọ sí ilé àwọn àna rẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ìlù dún, ó dìde, ó jó díẹ̀. Gbogbo situdíò pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìpolówó ọjà, ó kan àlejò kejì. Òṣèré tíátà obìnrin kan ni, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó ara rẹ̀ gbé fíìmù tuntun jáde. A kò fi ìbéèrè kankan ránṣẹ́ sí i ṣáájú. Kò ní amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò fa ìlà pupa. Ìbéèrè kan péré ni a bi í nípa fíìmù náà. Lẹ́yìn náà, atọ́kùn wo páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìgbà wo la máa wá jẹ ìrẹsì ìkómọ lọ́dọ̀ yín?"

Èmi ni mo kọ ìyẹn náà.

Òṣèré náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ tún gèlè tí kò yẹ̀ ṣe, ó ní Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ. Atọ́kùn kò jẹ́ kó mí. Ó tún béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà kò dá wàhálà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn àna. Kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo rí ọ̀rọ̀ lójú obìnrin náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ibẹ̀ yóò dára láti gé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn èèyàn fi ń pín in kiri.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo lọ kí àwọn òbí mi. Mo dọ̀bálẹ̀, bàbá mi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọn kò kì mí ní oríkì mi bí ìṣe wọn. Ìwé kékeré ọjọ́ Ẹtì wà lórí tábìlì. Mo ṣí i. Wọ́n ti kọ ọjọ́ àti orúkọ ètò náà sókè, wọ́n fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ bí olùkọ́, wọ́n sì kọ 1 sí 5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

Màmá mi ló pè mí sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá àwọn wo ètò náà. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ẹ̀gbọ́n mi ti wà nílé ọkọ, wọn kò sì tíì bímọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìrẹsì ìkómọ jáde, wọ́n dìde, wọ́n lọ sí ilé ìdáná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn abọ́ tí màmá mi ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń fọ̀ wọ́n títí ètò fi parí.

"Ó bi bàbá yín bóyá ìwọ lo kọ ọ́," ni màmá mi wí. "Bàbá yín ní kò lè jẹ́ ìwọ."

Nígbà tí mo padà sí pálọ̀, bàbá mi sọ̀rọ̀. Wọn kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Àkànní, ẹni tó jẹ wá lówó, iyán lẹ bi í. Obìnrin tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, òun lẹ ní kó wá ṣe ìṣirò inú rẹ̀ fún yín lójú gbogbo ayé." N kò rí èsì kankan fọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo irú ètò yìí, tiwa àti ti ilẹ̀ òkèèrè. Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń fi àga rírọ̀ gba olóṣèlú. Ní oṣù kẹfà ọdún 1992, Bill Clinton, tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, gbé awò dúdú sójú, ó sì fun saxophone lórí ètò Arsenio Hall. Ní oṣù kọkànlá, ó wọlé. Ní ọdún 2009, Obama jókòó pẹ̀lú Jay Leno, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ tó wà lórí àlééfà tó lọ sórí irú ètò apanilẹ́rìn-ín alẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò rí ibi nínú ẹ̀rín. Ẹ̀rín a máa fi ìwà èèyàn hàn. Ṣùgbọ́n Clinton tó fun saxophone ní oṣù kẹfà náà ló dúró níwájú Bush àti Perot ní oṣù kẹwàá, tí wọ́n jọ jiyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú gbogbo orílẹ̀-èdè. Àga rírọ̀ kò gba ipò àga líle lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi náà, pé ètò ìgbádùn ni tiwa, kò dúró mọ́ lójú mi. David Frost ará Bírítéènì, ètò ẹ̀fẹ̀ àti ìtàkúrọ̀sọ ló fi di gbajúmọ̀. Nígbà tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá Richard Nixon lẹ́nu wò ní ọdún 1977, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ààrẹ àná náà yóò fi í ṣeré ni. Frost kó àwọn olùwádìí jọ, wọ́n ka ìwé, wọ́n múra sílẹ̀, wọ́n sì gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀ fún ohun tó ju wákàtí 28 lọ. Kó tó parí, Nixon fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun já àwọn ará Amẹ́ríkà kulẹ̀.

Ilé tiwa náà kò ṣófo. Ní ọdún 1953, Gómìnà Macpherson bẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group lórí rédíò. Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì níbẹ̀, wọn kò fún un. Ọ̀ràn yẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí tẹlifíṣàn WNTV fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Bàbá mi sì máa ń sọ bí àwọn ará àdúgbò ṣe kún pálọ̀ wa ní oṣù kẹfà ọdún 1993, nígbà tí MKO Abíọ́lá àti Bashir Tofa kojú ara wọn lórí NTA. Ó dá mi lójú pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́ wọn láti máa mú ìwé àti bírò jókòó.

Àwọn kan á ní àṣà wa kò gbà kí a máa tẹ àgbà nínú. Ẹ lọ bi àwọn ará Kétu àti Yewa. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà, á ṣàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi orin tú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ síta, kò sì ní yọ olóyè sílẹ̀. Ìbà ni àkọ́kọ́, òótọ́ ló tẹ̀ lé e. Kò sí èyí tó pa ìkejì lára.

Mo kọ̀wé sí òṣèré náà, mo tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó fèsì: "Mo ti gbọ́. Ẹ má bi ẹlòmíràn." Mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Mo ti mọ̀. 'Ìrẹsì ìkómọ', ìwọ nìkan lo máa ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa." Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun.

Níbi iṣẹ́, èmi àti atọ́kùn wa fohùn ṣọ̀kan pé a kò ní bi àlejò nípa ọmọ bíbí tàbí ilé ọkọ mọ́, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a óò máa bi í: ibi tó ti rí owó ṣe fíìmù, ohun tí àwọn ayédèrú ń jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, bí òṣèré ṣe ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, kọmíṣánnà kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Wọ́n tún fa ìlà pupa sórí ìbéèrè àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Atọ́kùn wa kúnlẹ̀ kí i, ó bi í léèrè ìdílé, lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè náà. Kọmíṣánnà ní ìgbìmọ̀ ti ń jókòó lé e lórí. Atọ́kùn ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọjọ́ wo?" Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní kí ọdún tó parí.

Ọ̀gá mi fún mi ní ìwé wí-tẹnu-ẹ. Mo ṣì ní in.

Ọdún náà ti parí, owó bàbá mi kò tíì dé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kékeré náà, níwájú 1, wọ́n ti kọ ọjọ́, orúkọ kọmíṣánnà náà, àti ọ̀rọ̀ mẹ́rin: "Kí ọdún tó parí." Àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ti gbé ìwé náà àti fídíò ètò wa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní nígbà kejì, akọ̀wé ibẹ̀ gbé àga fún àwọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá tún jókòó síwájú tẹlifíṣàn, tí olóṣèlú yín bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé lọ́wọ́. Ẹ kọ 1 sí 5.