Sàárè Ìyá Kan Létí Adágún Iyọ̀

Bí ènìyàn bá dárúkọ erékùṣù Kíprù, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Qubrus, etí òkun àti ilé-ìtura ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò máa ń rò. Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ọmọ wa, ibi tí ariwo kì í dé ni mo fẹ́ mú yín lọ.

Bí a bá jáde ní ìlú Larnaca, tí a rìn ju máìlì 3 lọ díẹ̀, a ó dé etí adágún omi iyọ̀ kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ a gbẹ, iyọ̀ a sì funfun lórí ilẹ̀ bí ẹni da ìyẹ̀fun sílẹ̀. Nígbà òtútù, òjò a tún kún un, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní flamingo a sì bà sínú rẹ̀. Létí omi yìí, láàárín igi dàbínù, ni mọ́sáláásí Hala Sultan Tekke wà.

Ta ni wọ́n sin síbẹ̀? Ummu Haramu ni, arábìnrin Ummu Sulaym tí ó bí Anas. Ní ọjọ́ kan, Ànábì wa Muhammadu (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sùn nílé rẹ̀, ó jí tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní wọ́n fi àwọn ìjọ òun tí yóò rin ojú òkun bí ọba lórí ìtẹ́ han òun. Ìyá yìí ní kí ó tọrọ fún òun kí òun wà lára wọn. Ó sì tọrọ fún un. Ní nǹkan bí ọdún 649, òun àti ọkọ rẹ̀, Ubada, bá ọkọ̀ ojú omi Muawiya lọ sí Kíprù. Ibẹ̀ ni ìbáaka ti gbé e ṣubú, tí ó sì kú.

Yàrá sàárè náà wà lẹ́yìn mọ́sáláásí. Òkúta ńlá 2 dúró, ìkẹta dábùú lórí wọn. Láti ìgbà tí erékùṣù náà ti pín sí méjì ní ọdún 1974, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ibẹ̀ ti kó lọ sí àríwá, ni ẹsẹ̀ ti dínkù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi lọ. Mẹ́kà ni ìyá mi kú sí nígbà tí ó lọ ṣe Háájì. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, kò sí ọmọ rẹ̀ kan tí ó bu erùpẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó létí adágún yẹn, mo rántí pé Ummu Haramu fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ìrìn-àjò tí ó kú sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe tọrọ Mẹ́kà. Ẹni tí ó bá kú sí ojú ọ̀nà tí ó tọrọ kì í ṣe ẹni tí ó sọnù.

A kì í bẹ òkú o, Ọlọ́hun ni à ń bẹ fún un. Mo ṣe àlúwàlá, mo kírun rákáà 2, mo tọrọ àforíjìn fún àwọn ìyá méjèèjì, mo sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn tí ó balẹ̀. Kí Ọlọ́hun kẹ́ gbogbo àwọn ìyá wa tí ó sùn sí ilẹ̀ òkèèrè. Àmín.