Ojú Bàbá, Ojú Ọmọ

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ bí òwe náà ṣe rí ní ilé tiwa.

Ní ọdún tó kọjá, olùkọ́ wa kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí ojú pátákó: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí ó ní kí n ka ìkẹta, ohun tí à ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn ni mo sọ di ẹni tí ó gbé obìnrin níyàwó. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ṣọ́ọ̀kì náà ni kò funfun tó.

Irú àwáwí bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Bàbá mi, tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, a máa na Bíbélì jìnnà sí ojú bí ẹni tí ó di ejò mú, a sì ní iná ni kò mọ́lẹ̀ tó. Èmi a máa rẹ́rìn-ín sínú.

Ní oṣù yẹn kan náà, owó ilé-ìwé wọ̀ mí lọ́rùn. Ojú tì mí láti fi ẹnu sọ ọ́, nítorí náà mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn ránṣẹ́ sí bàbá pé mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀, kí n wá iṣẹ́ ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ó pè mí: "Mo ti rí i. Ó dára, ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Nígbà tí mo délé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bi í ní ìdí rẹ̀. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "N kò rí i kà. Mo rò pé o kí mi ni. Ojú tì mí láti gbé e fún ọmọ aládùúgbò." Èmi náà bá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ pátákó.

A jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá ti ń kọjá ogójì ọdún, dígí tí Ọlọ́run dá sínú ojú a máa le sí i, kì í sì lè yí ara padà dáadáa mọ́ láti wo ohun tí ó wà nítòsí. Ti bàbá nìyẹn. Ní tèmi, ẹyin ojú ni ó gùn jù, tí àwòrán ohun tí ó jìnnà kò fi dé ibi tí ó yẹ kí ó balẹ̀ sí. Àwa méjèèjì ni ó kọ awò ojú fún.

Bàbá wọ tirẹ̀, ó mú fóònù, ó wá àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó sì kà á tán.

"Kò dára," ni ó wí. "Padà sí ilé-ìwé rẹ. A ó jọ wá owó náà."

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí awò lójú mi ní kíláàsì. Kí ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì má ṣe dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi.