Ìdí-Àràbà àti Irin Àwọn Tí Ń Yí Igi

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba Múṣin wọ Ìdí-Àràbà yóò rí Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1961, àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníṣègùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 1962. Nítorí ilé ìwòsàn yìí ni a ṣe ń gbọ́ orúkọ Ìdí-Àràbà káàkiri ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n igi ni orúkọ náà ń sọ: àràbà, baba igi. Ó sì dùn mọ́ wa pé ní àdúgbò tí a fi igi sọ lórúkọ, a tún bá àwọn tí ń fi igi jẹun.

Ní ìsọ̀ kan níbẹ̀, tí kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ, ni a ti rí ohun tí a fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Iṣẹ́ ìsọ̀ náà ni yíyí igi lórí ẹ̀rọ: ẹsẹ̀ tábìlì, òpó ibùsùn, àti àwọn òpó kéékèèké tí a ń tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ilé òkè. Ẹ̀rọ a máa yí igi bìrìbìrì, oníṣẹ́ a sì fi irin ìgbẹ́gi tì í. Irin tí wọ́n ń lò jù ni èyí tí inú rẹ̀ jinnú bí oparun tí a là sí méjì, tí ẹnu rẹ̀ sì rí roboto bí èékánná.

Irin yìí ni ó ń dààmú ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Nígbà tí a bá ń pọ́n ọn, a gbọ́dọ̀ máa yí i lọ́wọ́ sọ́tùn-ún sósì lójú òkúta, kí dídàgẹ̀rẹ̀ ẹnu rẹ̀ má sì yí padà. Ọ̀gá tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ a máa ṣe é bí ẹni ń ṣeré. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò pọ́n ọn wọ́gọwọ̀gọ, yóò tún un pọ́n, yóò tún un pọ́n, títí irin tí a fi owó rà yóò fi kúrú. Irin tí ẹnu rẹ̀ kò dọ́gba a máa fa igi ya, ó sì lè ṣe oníṣẹ́ léṣe. Iná mànàmáná pàápàá kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Oògùn tí ọ̀gá ìsọ̀ náà rí sí i kò ju àjákù ìrókò, bóòtù méjì àti ìṣó díẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Èkíní ni ọ̀pá igi tí a ń tì wọlé, tí a sì ń fà jáde, lábẹ́ ẹ̀rọ ìpọ́nrin, ní ọ̀gangan àárín òkúta. A gbẹ́ kòtò kékeré sí orí rẹ̀, bóòtù kan sì ń dì í mú. Èkejì ni a lè pè ní apá ìmúrin: gígé igi kékeré tí a lu ihò sí, kí irin lè gba inú rẹ̀ kọjá, tí bóòtù kejì sì ń há irin náà mọ́ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ kan yọ láti abẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣóńṣó ẹsẹ̀ yìí ni ó ń jókòó sínú kòtò orí ọ̀pá.

Ẹnu irin a máa yọ ní ínṣì 2 gééré, nítorí a kan igi ìdíwọ̀n mọ́ tábìlì fún un. A ó fi tàdáwà kun ìdàgẹ̀rẹ̀ ẹnu rẹ̀, a ó sì fi kan òkúta. Bí tàdáwà bá parẹ́ ní etí nìkan, tàbí ní ẹ̀yìn nìkan, a ó sún ọ̀pá náà títí yóò fi parẹ́ látòkè délẹ̀. Nǹkan bí 40 dígírì ni ìdàgẹ̀rẹ̀ tí ó yẹ irú iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn èyí, kí a rọra yí irin sọ́tùn-ún sósì ni ó kù. Ìṣẹ́jú kan kò ní í pé tí yóò fi mú.

Ṣùgbọ́n apá ìmúrin kò lè gba irin lọ́wọ́ ooru. Irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ rọ láti ara sípíríǹgì ọkọ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá di aláwọ̀ aró lójú òkúta, líle rẹ̀ ti lọ. Ẹ máa tì í bọ omi léraléra. Irú irin tí ń fara da ooru ni èyí tí Taylor àti White ṣe ní Amẹ́ríkà, tí aráyé sì rí ní Páríìsì ní 1900. Ẹ wọ awò ojú, ẹ má sì dúró níwájú òkúta nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí.

Àwọn àgbà kan nídìí iṣẹ́ ń kùn pé irú nǹkan báyìí ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ, pé ọwọ́ ni iṣẹ́. A kò jiyàn pé ọwọ́ ni iṣẹ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ tí ó ń lo okùn ìwọ̀n kì í ṣe ọ̀lẹ. Yíyí igi ni ọmọ náà wá kọ́, kì í ṣe jíjẹ irin run. Bí ìpọ́n kò bá sì gba ọjọ́ rẹ̀ mọ́, yóò rí àyè kọ́ bí a ti ń mọ ojú igi, àti bí ọwọ́ ti ń rọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí, nígbà tí ẹ bá lọ kí ọ̀gá rẹ̀, ẹ bojú wo ẹnu irin ọmọ yín. Yóò sọ fún yín bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí.