Orí Tí Ó Sọnù

Ẹni tí ó bá wọ Abobo Gare ní ìlú Abidjan, níbi tí ojú irin tí ó lọ sí Ouagadougou gbà kọjá, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ èdè Yorùbá. Anàgó ni a ń pè wá níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti Ẹ̀jìgbò àti agbègbè rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ gbọ́ Faransé ju èdè baba wọn lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń kó díẹ̀ nínú wọn jọ ní ọjọ́ Sátidé láti kọ́ wọn ní èdè àti ìtàn wa. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ti àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́.

Ẹ̀sìẹ́ wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ní 1933, H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., sọ àwọn ère náà di mímọ̀ fún àwọn ará òde. Ní 1945 ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn ère náà lé ní 800. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn sì mú idà lọ́wọ́. Òkúta tí a fi gbẹ́ wọn rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀bẹ lè gé e. Nítorí èyí ni ọnà ara wọn ṣe dára, nítorí èyí náà ni wọ́n sì ṣe tètè ń fọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni orí rẹ̀ ti já kúrò lọ́rùn.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ àtúnṣe òkúta a kọ́kọ́ wá ojú ibi tí orí ti já, a sì fi í wé ọrùn kan lẹ́yìn òmíràn títí yóò fi rí èyí tí ó bá a mu. Lẹ́ẹ̀ tí a lè tú lọ́jọ́ iwájú ni ó ń lò. Kì í fi irin lásán so ó, nítorí pé bí irin bá dípẹtà, a máa wú, a sì máa la òkúta. Gbogbo ohun tí ó bá ṣe ni ó ń kọ sílẹ̀. Bí a kò bá sì rí orí, ère náà yóò wà láìlórí.

Ọmọbìnrin kan bi mí pé, “Tísà, kí ló dé tí wọn kò gbẹ́ orí mìíràn fún un?” Mo rán an létí igbá ìyá àgbà tí a fi okùn so: igbá náà wúlò, ṣùgbọ́n ojú ìso rẹ̀ hàn. Mo sì sọ ti Abu Simbel ní Íjíbítì fún un. Ìmìtìtì ilẹ̀ ti wó ọ̀kan nínú àwọn ère ńlá mẹ́rin Ọba Ramses Kejì láti ayé àtijọ́. Nígbà tí a ń gbé tẹ́ḿpìlì náà sá fún omi ìdídò Aswan láàárín 1964 sí 1968, a kò gbé orí tí ó wó padà sókè. A tẹ́ ẹ síwájú ẹsẹ̀ ère náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Baba kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, “Tísà, ẹ sọ fún wọn pé àwọn ará Íjíbítì, baba ńlá wa, ni ó gbẹ́ ère wọ̀nyẹn, kí ojú má baà tì wọ́n láàárín ẹgbẹ́.” Ìfẹ́ ọmọ ni ó sọ ọ́, mo sì mọ bí ó ti ń dun ọmọ tí a ń pè ní àlejò ní ilé-ẹ̀kọ́. Àlùfáà J. Olumide Lucas pàápàá kọ ìwé ní 1948 láti so ẹ̀sìn Yorùbá mọ́ Íjíbítì. Ṣùgbọ́n ohun tí a hú nínú ilẹ̀ kò jẹ́rìí sí i. Orí tí a yá ni èyí yóò jẹ́ lọ́rùn wa.

Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ kò yá orí. Wọ́n ní àwọn bá àwọn ère náà níbẹ̀ ni, àti pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Síbẹ̀ wọ́n ń ṣọ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí a rí, ohun tí àgbà sọ, àti ibi tí ó ṣófo han àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó bá mọ ibi tí ó ṣófo ni yóò dàgbà láti lọ wá ohun tí ó sọnù.